Wọ́n Ní Àwọn Ọmọ Wa Kò Dúró

Ọjọ́bọ̀, 9 Sẹ̀tẹ́ńbà 1999

Òjò láti ìdájí. Mo ti fẹ́ sọ pé n kò ní lọ sí Abà Ọdúntán mọ́, torí ọ̀nà tó ti Ẹ̀sà-Òkè wọ ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń wọ bàtà gidi rìn. Ṣùgbọ́n Ọláfúnkẹ́ ọmọ mi ti ránṣẹ́ láti ilé ọkọ rẹ̀ pé àwọn aṣòfin ń bọ̀ wá wo ilé ìlera abà, pé kí n wá bá òun gbé Tiwátọ́pẹ́ ọmọ ọwọ́ rẹ̀ dání. Ogójì náírà láti Iléṣà dé Ẹ̀sà-Òkè. Ọlọ́kadà ní ogójì lòun náà yóò gbà, torí ẹrẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mo da omi sílẹ̀?" Ó gba ọgbọ̀n.

Aṣòfin mẹ́ta ló wá, àti akọ̀wé wọn, Mùyídéènì, ọmọ Òṣogbo. Ọ̀nọ́rébù Cornelius Fásanmí, tiwa láti Iléṣà, ni alága ìgbìmọ̀ wọn lórí ọ̀rọ̀ ìlera. Ẹrẹ̀ gba bàtà kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níwájú ilé ìlera, ó fi ìbọ̀sẹ̀ wọlé. Ìyẹn wù mí. Láyé ológun, ẹni tó bá ṣe bí ẹni wá wò wá kì í tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Nọ́ọ̀sì Phebe ṣí fìríìjì hàn wọ́n, èyí tó ń lo kẹrosíìnì, nítorí kò sí iná ìjọba ní abà. Ìwé àti ṣọ́ọ̀kì ló wà nínú rẹ̀, kí eku má baà jẹ wọ́n.

Alága ní, "Nọ́ọ̀sì, ìgbà wo ni kẹrosíìnì ti dé ibí gbẹ̀yìn?"

"Ó ń lọ sí ọdún méjì, sà. Lẹ́ẹ̀rùn ọdún tó kọjá, wọ́n kó abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbóná wá fún mi, wọn ò kó kẹrosíìnì. Mo ní ooru yóò ba oògùn náà jẹ́. Wọ́n ní kí n máa gún un bẹ́ẹ̀."

Wọ́n wá ń bi àwọn ìyá léèrè, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ọmọ rẹ gba abẹ́rẹ́ ìgbóná lẹ́ẹ̀rùn náà? Ó gbà á, sà. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Kò dúró, sà. Ìyá mọ́kànlá, ìdáhùn kan náà. Nígbà tó kan Ọláfúnkẹ́, ó wo ibi tí ògiri gbé là, ó ní, "Ìwàlẹwà, ẹ̀gbọ́n eléyìí, náà ò dúró." Òjò ń dún lórí páànù bí ẹni ń da òkúta, akọ̀wé ń tẹ́ etí, ó ń kọ̀wé.

Alága ṣèlérí pé kẹrosíìnì yóò dé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé. Tiwátọ́pẹ́ yóò pé oṣù mẹ́sàn-án ní ìbẹ̀rẹ̀ Dìsẹ́ńbà, ìgbà yẹn ni ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ ìgbóná. Ìgbà yẹn náà ni ìgbóná fúnra rẹ̀ ń jí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ọmọ.

Ìṣẹ́gun, 28 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mò ń wọn ànkárá fún oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọjà Atákúmọ̀sà, rédíò ń ka ìròyìn Yorùbá. Wọ́n ní àwọn aṣòfin ti jábọ̀ lórí ilé ìlera abà wa. Wọ́n ní ohun tí ìgbìmọ̀ rí ni pé àwọn ìyá ni kò ní sùúrù. Bí wọ́n bá gbé ọmọ dé ibi abẹ́rẹ́, wọn kì í dúró.

Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ mi. Oníbàárà ní, "Ìyá Lékan, kí ló dé?" Mo ní, "Wọ́n ti bà wá jẹ́ lédè òyìnbó."

Mo mọ ibi tó ti wá. Ìyá wo ni yóò pe ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ọmọ tó fi ọmú rẹ̀ bọ́? Kò dúró, ó tán, gbogbo ilé ti gbọ́. Akọ̀wé gbé e lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì, ó di pé ọmọ ò ní sùúrù dúró gba abẹ́rẹ́. Rédíò gbé e padà bọ̀ wá sí Yorùbá, ó di pé ìyá ló gbé ọmọ sá lọ. Ọ̀rọ̀ wa rin ìrìn àjò, ó dé, kò dá ilé mọ̀ mọ́.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù ní aago méjì.

Ọjọ́bọ̀, 30 Sẹ̀tẹ́ńbà

Òṣogbo. Àádọ́ta náírà lọ, àádọ́ta bọ̀. Mo rí Mùyídéènì ní ọ́fíìsì àwọn aṣòfin. Ọmọ dáadáa ni, ó fà mí ní àga.

"Akọ̀wé, ṣé o ti níyàwó?"

"Rárá, mà."

"O ti bímọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ha, màmá. Mo jẹ́ ọmọ mùsùlùmí dáadáa, mà."

"Mo mọ̀. Ẹni tó ti bímọ kò ní kọ ohun tí o kọ."

Mo ṣàlàyé fún un. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó jókòó, ó ní òun rò pé lórí ìlà ni wọ́n ní ọmọ ò dúró. Mo ní ìlà wo? Ní Abà Ọdúntán, bí ìyá mẹ́ta bá jọ dúró síbì kan, ìpàdé ti pé. Ó bẹ̀ mí títí. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè fi ọwọ́ ara òun pa ohun tó ti wọ ìwé Ilé rẹ́, àfi bí wọ́n bá tún jókòó ní gbangba, tí àwọn ìyá tún fi ẹnu ara wọn sọ ọ́.

Ọ̀dọ̀ Àpìkẹ́ ní Òkè-Baálẹ̀ ni mo ti jẹun. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń lọ ra aṣọ n'Íbàdàn láti ìgbà tí ọmọ wa wà lẹ́yìn. Ó ní, "Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ojú rẹ̀ ò tí ì rí nǹkan."

Ẹtì, 1 Òkùtóbà

Ọjọ́ Òmìnira. Àwọn ọmọ iléèwé yan kọjá. Mo ta ìdì ànkárá kan péré.

Ìṣẹ́gun, 12 Òkùtóbà

Lónìí, mo lọ sí Àbẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, sí ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Micah, ọ̀gá tó ń pín kẹrosíìnì fún àwọn ilé ìlera. Wọ́n ní kò sí nílé. Mo rí bàtà rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Bàbá mi ṣe òṣómàáló, ó ta aṣọ àwìn káàkiri títí dé Ọ̀fà, bí onígbèsè bá sì sá fún un, ẹnu ọ̀nà ni yóò lóṣòó sí títí yóò fi jáde. Èmi náà lóṣòó.

Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé ní, "Màmá, ẹ dìde ńlẹ̀, àga rèé."

Mo ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Àga kì í gba gbèsè."

Gbogbo ẹni tó ń kọjá ń yẹ̀ mí sílẹ̀ bí ẹni yẹ kòtò. Kò pẹ́ tí ọ̀gá tí kò sí nílé fi jáde.

"Màmá, kẹrosíìnì wo? Ẹ ò gbọ́ rédíò ni? Kì í ṣe èmi ni mo sọ pé ẹ kì í dúró. Àwọn aṣòfin tí ẹ dìbò fún ló sọ ọ́."

Ó wá fa pósítà kan yọ, ó dùn mọ́ ọn bí ẹni tó ra aṣọ tuntun. Wọ́n ya obìnrin kan tó pọnmọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: ÌYÁ RERE A MÁA DÚRÓ. Ó ní owó kẹrosíìnì ọdún yìí ni àwọn fi ń tẹ̀ ẹ́, ẹgbẹ̀rún méjì, nítorí ìlanilọ́yẹ̀ ló kàn.

Mo ní èló ni ẹyọ kan. Ó ní ọgbọ̀n náírà. Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà! Bí fìríìjì kan bá ń mu lítà kan lóòjọ́, ní ogún náírà lítà kan, owó yẹn yóò tan ti abà mẹ́jọ fún odidi ọdún kan. Mo sọ ọ́ sí i létí. Ó ní, "Ẹ mọ ìṣirò o, màmá." Mo ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, sà. Ìyẹn ló ń dùn mí."

Mo tọrọ pósítà kan. Ó fún mi ní méjì, inú rẹ̀ dùn.

Àìkú, 17 Òkùtóbà

Lẹ́yìn ìsìn, n kò lọ sílé. Mo gba ilé Ọ̀nọ́rébù Fásanmí lọ, mo bá a nínú ọgbà tó ń bọ́ agbádá. Mo tẹ́ pósítà sórí ọkọ̀ rẹ̀, mo sì sọ fún un bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn. Ó kà á, ó tún un kà. Ó pe ìyàwó rẹ̀ wá kà á. Ìyàwó ní, "Cornelius, ìwọ lo wà níbẹ̀, o sì fọwọ́ sí i?"

Ó ní, "Òjò ń rọ̀. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin yẹn dáadáa, ohun tí akọ̀wé kọ ni mo kà."

Ó mú ọjọ́: 16 Nọ̀fẹ́ńbà, ìjókòó gbangba l'Óṣogbo, Micah yóò wà níbẹ̀, rédíò yóò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ìyá gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gedegbe. Kí wọ́n pe ọ̀rọ̀ náà gan-an, pé ọmọ gba abẹ́rẹ́, ohun tó sì ṣe é nìyí. Bí wọ́n bá tún ní "kò dúró," Micah yóò gba ibẹ̀ kọjá.

Mo ní, "Ọ̀nọ́rébù, ẹ mọ̀ pé wọn ò lè sọ ọ́."

"Mo mọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n ìwé òfin ò gbọ́ ẹnà."

Àbámẹ́ta, 30 Òkùtóbà

Abà Ọdúntán. Ojú ọ̀run ti ń gbẹ. Mo gbé gaàrí àti ṣúgà lọ, torí ẹni tó ń wá ojúure kì í lọ lọ́wọ́ òfìfo. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Nọ́ọ̀sì Phebe, mo sọ ohun tí alága wí.

Bánkẹ́ ló kọ́kọ́ dáhùn, òun lẹnu rẹ̀ mú jù nínú wọn.

"Ìyá Lékan, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lẹ pósítà wọn kiri. Ṣé ẹ rí èyí tó wà lẹ́yìn mi yìí? Ó ń gbọ́ èdè. Kí n la ẹnu pe ìyẹn lójú ẹ̀, kí n máa júwe ọ̀nà fún un?"

Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn náà ni. Mo ní ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀, fìríìjì sì ṣófo. Mo rojọ́ débi pé itọ́ gbẹ lẹ́nu mi. Ọláfúnkẹ́ tó jókòó tì mí wá ní, jẹ́jẹ́, "Màámi, ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ohun tó ṣe Ìwàlẹwà, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Mo la ẹnu. Ó yẹ kí n lè sọ ọ́. Mo ti sin òbí méjèèjì àti ọkọ. Ahọ́n mi ò gbé e.

A mu gaàrí, a tú ká. Wọ́n kúkú jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn yóò tẹ̀ lé mi lọ s'Óṣogbo. Ẹsẹ̀ wọn ni mo rí gbà, n kò rí ẹnu wọn.

Ẹtì, 5 Nọ̀fẹ́ńbà

Wọ́n ti lẹ ìyá rere mọ́ ògiri ọjà, ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù mi gan-an. Onítomátì ọ̀dọ̀ wa ní, "Ìyá Lékan, ṣé ẹ ò rí obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín yìí, àfi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń bá a tọ́mọ."

Ajé, 15 Nọ̀fẹ́ńbà

Mọ́kànlá ní àwọn ń bọ̀, méje ló dé. Ìyá méje, ọmọ ẹ̀yìn méje, èmi, Nọ́ọ̀sì Phebe. Mo san owó ọkọ̀ gbogbo wa: àádọ́ta lọ́nà mẹ́sàn-án, irínwó náírà ó lé àádọ́ta, ọ̀sẹ̀ tí àwọn aṣọ Kérésìmesì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Awakọ̀ fẹ́ gba owó ọmọ. Bánkẹ́ ní, "Gbé e sórí ìjókòó tìrẹ wò, bó bá lè dá jókòó síbẹ̀, kí o gba owó ẹ̀."

Àpìkẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, ó rí wa, ó ní, "Bísímílááhì! Ilé aṣòfin lẹ ń lọ ni àbí iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi?" Ó tẹ́ ẹní sí yàrá àti pálọ̀. Ó ti se ẹ̀wà sílẹ̀, ìkòkò kan tó gba ewúrẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tọ̀ sórí ẹní ìrun rẹ̀; ó ní omi mímọ́ ni, ó lọ fọ̀ ọ́.

Ọyẹ́ yọjú láàárọ̀ yìí. Ètè mi ti ń là.

Ìṣẹ́gun, 16 Nọ̀fẹ́ńbà

Kí n rọra kọ ọ́, kí n má fo nǹkan kan.

Gbọ̀ngàn kún. Aṣòfin márùn-ún jókòó sókè, Ọ̀nọ́rébù Fásanmí láàárín, Alhaji Mọ́ṣúdù tó dàgbà jù wọ́n lọ ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mùyídéènì wà nísàlẹ̀ wọn pẹ̀lú ìwé. Ọ̀gbẹ́ni Micah wọ kóòtù dúdú, ó gbé pósítà rẹ̀ ró síwájú ara rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Phebe ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ fìríìjì, ó sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, kò gbọ̀n. Micah dìde, ó ní gbogbo kẹrosíìnì lọ síbi tó yẹ, abẹ́rẹ́ dára, pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò bá gbé dúró gbà á ni ìgbóná ń mú, àkọsílẹ̀ Ilé fúnra rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i.

Wọ́n pe Bánkẹ́. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ṣé ọmọ rẹ gba abẹ́rẹ́?" Alága ló ń bi í.

"Ó gbà á, sà. Apá òsì. Nọ́ọ̀sì yìí ló gún un."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà?"

Bánkẹ́, tí ẹnu rẹ̀ lè ta awakọ̀ dànù, kò sọ̀rọ̀. Alága tún un bi. Ó wolẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ń gbọ́ èémí rẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Micah rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọ̀nọ́rébù, ẹ rí i pé kò sí ẹjọ́. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ṣebí yóò wí."

Ìgbà náà ni ọmọ ẹ̀yìn Bánkẹ́ figbe ta. Bánkẹ́ gbàgbé pé ẹ̀rọ wà lẹ́nu òun, ó ń mì ín jẹ́jẹ́ lẹ́yìn, ó ní, "Málọmọ́, dákẹ́. Dákẹ́ ná, Málọmọ́ mi."

Ó dún káàkiri gbọ̀ngàn. Má lọ mọ́. Mo rí i tí Alhaji Mọ́ṣúdù gbé orí sókè.

N kò mọ̀ pé mo ti dìde. Wọn ò pè mí. Mo ní, "Ọ̀nọ́rébù, ẹ fojú fo ìbéèrè yẹn. Ẹ ò ní rí ìdáhùn rẹ̀ gbà títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Ẹ bi wọ́n lórúkọ ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn."

Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ti ń bọ̀ wá mú mi jókòó. Alága na ọwọ́ sí i, ó dúró. Alága wá yíjú sí ìyá kejì.

"Ìyá, kí lorúkọ ọmọ rẹ?"

"Dúrósinmí, sà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Kòkúmọ́."

"Ìwọ?"

"Rótìmí, sà. Dúrótìmí ni."

"Kúkọ̀yí."

"Rẹ̀mílẹ́kún."

Ó kan Ọláfúnkẹ́. Mo ti mọ ohun tó máa sọ, èmi ni mo sọ ọmọ náà lórúkọ níwájú pẹpẹ. Ó ní, "Tiwátọ́pẹ́ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, sà. Nígbà tó bá ku èmi pẹ̀lú ẹ̀, Bámitálẹ́ ni mò ń pè é."

Mo jókòó. N kò gbọ́ ọ rí.

Alága ní, "Akọ̀wé, kọ orúkọ méjèèje. Kọ ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Fara balẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí." Mùyídéènì bẹ̀rẹ̀. Ó kọ mẹ́ta, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú, ó ń kọ ọ́ lọ.

Micah dìde. "Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, sà, orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí. Bàbá tó bí mi lọ́mọ, Kòkúmọ́ ló ń jẹ́."

Alága ní, "Lọ́dún tí wọ́n bí bàbá rẹ, Kòkúmọ́ mélòó ló wà ládùúgbò yín?"

"Òun nìkan, sà."

"Abà kan rèé, kò ju ogún ilé lọ. Láàárín ọdún kan àbọ̀, ọmọ méje. Ta ló pè wọ́n jọ kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan? Àwọn ìkókó ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Alhaji Mọ́ṣúdù fa ẹ̀rọ sọ́dọ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Ọmọ yìí, Micah. Mọ́ṣúdù kọ́ ni ìyá mi ń pè mí nínú ilé. Má bi mí lóhun tó ń pè mí. Sọ orúkọ dírẹ́bà tó gbé kẹrosíìnì lọ sí Abà Ọdúntán lẹ́ẹ̀rùn yẹn fún mi."

"Alhaji, ó ti… ó ti fẹ̀yìn tì, sà."

"Mo ní orúkọ rẹ̀."

"Mi ò rántí, sà."

"Nọ́ńbà ọkọ̀ ńkọ́?"

Micah wo pósítà rẹ̀ bí ẹni pé obìnrin orí rẹ̀ yóò bá a dáhùn. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín lọ. Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, Àpìkẹ́ tí n kò mọ̀ pé ó tẹ̀ lé wa, ní, "Dúró o, Ọ̀gbẹ́ni! Ẹni rere a máa dúró!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá gan-an yíjú sí ògiri kó lè rẹ́rìn-ín.

Micah jókòó. Nígbà tí wọ́n tún bi í, ó ní kò sí kẹrosíìnì tó lọ lọ́dún náà, ẹ̀rọ amúnáwá ọ́fíìsì ló mu owó rẹ̀.

Wọ́n wọlé lọ jíròrò, wọ́n jáde. Kí wọ́n dáwọ́ títẹ pósítà dúró lónìí olónìí. Kí owó tó kù di kẹrosíìnì. Kí kẹrosíìnì dé gbogbo abà tó ní fìríìjì kí Dìsẹ́ńbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, kí nọ́ọ̀sì máa fọwọ́ sí i lóṣooṣù, kí Ilé máa rí ìwé náà. Kí Ọ̀gbẹ́ni Micah fi iṣẹ́ pínpín náà sílẹ̀ títí ìwádìí yóò fi parí.

Alága wá ní, "Ó ku àkọsílẹ̀ wa. Akọ̀wé, pa gbólóhùn tó wà níbẹ̀ rẹ́. Kọ ọ́ báyìí: Àwọn ìyá dúró. Ìjọba ni kò dé."

Bánkẹ́ gbá mi mọ́ra débi pé gèlè mi bọ́. A rìn dé Òkè-Baálẹ̀, a ò wọ ọkọ̀, a ń rojọ́ lọ lójú títì bí ẹni ti ibi ìgbéyàwó bọ̀. Mo ra búrẹ́dì mẹ́ta. Kò dùn mí.

Ọjọ́rú, 17 Nọ̀fẹ́ńbà

Rédíò kà á láàárọ̀. Ó ní àwọn ọmọ tí abẹ́rẹ́ bíbàjẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n dúró jayé. Ẹni tó kọ ìyẹn ti bímọ.

Ajé, 29 Nọ̀fẹ́ńbà

Kẹrosíìnì ò tí ì dé. Mo padà sí Àbẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé rí mi lẹ́nu ọ̀nà, kò fi àga lọ̀ mí. Ó sáré wọlé. N kò tí ì ká ìró mi kí n lóṣòó tí ọ̀gá tuntun fi jáde, obìnrin kan tó ga, ó ní, "Màmá, ẹ má lóṣòó, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Wọ́n ti sọ fún mi nípa yín." Ó mú mi dé ẹ̀yìnkùlé, ó fi àgbá méjì hàn mí lórí ọkọ̀. Mo fi ìka kan wọ́n wò. Wọ́n kún.

Mo bi í lórúkọ dírẹ́bà. Mo bi dírẹ́bà náà pẹ̀lú. Wísdọ̀mù ni, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè. Mo mọ ìyá rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9 Dìsẹ́ńbà

Ọyẹ́ bo ojú ọ̀run, ọwọ́ tútù. Gbogbo ọjà ń ta, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní títì. Kó máa wà ní títì.

Nígbà tí mo dé Abà Ọdúntán, ọ̀pọ̀ èrò ti wà níwájú ilé ìlera, àwọn ìyá ti abà mẹ́rin. Iná fìríìjì ń jó búlúù lábẹ́ rẹ̀, ó ń ṣe wìì bí ẹni ń súfèé. Nọ́ọ̀sì Phebe kọ́kọ́ ṣí i kí gbogbo ènìyàn wò ó. Ó bu omi dídì kan nínú rẹ̀, ó gbé e lé Ìyá Àgbà Ọdúntán lọ́wọ́, ẹni tó ti rí ohun gbogbo láyé àfi èyí. Ìyá Àgbà gbọn ọwọ́, ó kígbe, "Uná ni! Uná ni!" Ó jù ú sílẹ̀. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ṣù bò ó, wọ́n ń fi kan ètè, wọ́n ń sá fún un, wọ́n tún ń padà wá. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n fún òun ní òmíràn, pé òun fẹ́ gbé e lọ fi dẹ́rù ba ọkọ òun.

Wọ́n ń pe ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Málọmọ́. Dúrósinmí. Méjì nínú àwọn ìyá tí kò tẹ̀ lé wa lọ s'Óṣogbo wà níbẹ̀, inú ọ̀kan ti ga. Bánkẹ́ ń tò wọ́n bí adarí ẹgbẹ́ akọrin, ó ń jágbe mọ́ ẹni tó bá fẹ́ já ìlà.

"Tiwátọ́pẹ́!"

Ọláfúnkẹ́ jókòó, mo di ẹsẹ̀ ọmọ mú. Ó ń fi bọ́tìnnì aṣọ mi ṣeré. Phebe fi òwú nu apá rẹ̀, ó gún un. Ó wò wá ná, bí ẹni pé kò gbà pé àwa la ṣe é. Ó wá figbe bọnu, igbe kan tó dé odò. Mo ní, "Ké e! Ké e dáadáa, ọkọ mi!" Ọláfúnkẹ́ ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Bámitálẹ́, ó tán, ó tán." Ó sọ ọ́ sókè, ní gbangba.

Ó ní kí n bá òun pọ̀n ọ́n lọ sílé, òun fẹ́ dúró ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Mo pọ̀n ọ́n. A ò tí ì dé ìdí igi ọ̀rọ́mbọ́ tó fi sùn, orí rẹ̀ wálẹ̀ sáàárín èjìká mi, ó ń da itọ́ sí bùbá mi. Èmi tí mo ti ń ru ìdì aṣọ láti kékeré, mo ní láti sinmi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Ó wúwo. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀yìn ń ro mí.